Ìkìlọ̀ sí Onílẹ̀ àti Éjẹ́ǹtì Rẹ̀

Peckham, London. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, ọdún 2026.

Fúláàtì 24 ló wà nínú ilé yìí. Àwa 19 la fọwọ́ sí ìwé yìí. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa, a sì fẹ́ kí oníkálukú mọ ohun tí òun fọwọ́ sí. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. A ò bá yín du ìyẹn. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí.

Èkíní, ẹ fagi lé bíìlì òrùlé, £3,180 lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò fi tó wa létí kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún kọngilá. Òfin onílẹ̀ àti ayálégbé ti ọdún 1985 ní bí owó tó kan ẹnì kan bá ti ju £250 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wa. Àfi bí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda fún yín, £250 lẹ lè gbà. Ẹ dá owó tó lé padà fún àwọn mẹ́fà tó ti san. Òrùlé ọ̀hún ṣì ń jò. Garawa méjì ló wà lórí àtẹ̀gùn òkè pátápátá láàárọ̀ yìí, ìyá àgbà kan ló sì ń da omi wọn nù. Ẹ tún un ṣe.

Èkejì, ẹ fi ìṣirò gbogbo owó tí ẹ ná lórí ilé yìí ránṣẹ́, fún ọdún tó parí ní oṣù Kẹta 2025. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì rìsíìtì sílẹ̀ fún wa, ti ìnṣọ́ránsì pẹ̀lú. Kíkọ̀ láìnídìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà. A ó fi tó káńsù létí.

Ẹ̀kẹta kò dúró di oṣù Kejì. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30 oṣù yìí ni. Ọ̀kan nínú wa ń ta fúláàtì rẹ̀. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á ń retí ìwé ẹ̀rí onílẹ̀. Ilé alájà márùn-ún nilé yìí. Òfin ààbò ilé ti ọdún 2022 fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti ìgbà tí ẹ bá ti gbọ́ nípa títà náà. Ó di ọ̀sẹ̀ 11 lónìí. Bí ẹ ò bá mú un wá, ẹ ò lè gba owó lórí fúláàtì náà fún àtúnṣe àléébù tó lè ran iná tàbí wó ilé.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ni èkíní àti èkejì pin sí. Bó bá kọjá, a ó gbé bíìlì òrùlé lọ sí ilé ẹjọ́ First-tier Tribunal. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, a ó fi ìwé ránṣẹ́ pé a fẹ́ gba àbójútó ilé lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì yín. A ti dá kọ́ńpìnnì tí òfin bèèrè fún sílẹ̀. Ẹ ti sọ fún wa rí pé kò ṣeé ṣe, torí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilé. Òótọ́ ni nígbà náà. Òfin ìgbà náà ní ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2025, òfin ti sọ ọ́ di ìdajì. Owó lọ́yà yín lórí ọ̀rọ̀ náà kò sì sí lọ́rùn wa mọ́.

Ẹ má pè wá lórí fóònù. Ẹ kọ èsì sílẹ̀. A ò ní kọ ìwé ìránnilétí.