Ọmọ tó ń sùn jù

Bí ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ bá ti dé Ìkirè, dòdò lèrò ọkọ̀ á máa nawọ́ sí. Ohun dídùn ò wọ́n níbẹ̀. Ṣúgà tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní àná ni wọ́n bímọ kan ní Àpòmù. Ọmọ ń sùn ṣáá, wọ́n fọmú sí i lẹ́nu, kò fà á dáadáa. Ìyá àgbà ní, “Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀, bàbá ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀.” Ibẹ̀ gan-an léwu wà o! Ṣúgà ara ẹ̀ lè ti já wálẹ̀. Ara ọmọ mìíràn á máa gbọ̀n, á tutù, gìrì á dé. Òmíràn ò ní fi àmì kankan hàn rárá, bẹ́ẹ̀ bó bá pẹ́, ọpọlọ ló ń bà jẹ́.

Tìtorí àwọn aláìlámìí yìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà níṣẹ́. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti bí sẹ́yìn fún un: oṣù tí oyún lò, bí ọmọ ṣe wúwo tó, bóyá ìyá ní àtọ̀gbẹ. Á fi wọ́n wéra, kó lè sọ èyí tó yẹ kí wọ́n tètè yẹ̀ wò. Kì í sì í ṣòyìnbó nìkan ló ń ṣerú ẹ̀. Charles Onu, ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní Kánádà, wà lára àwọn tó dá Ubenwa sílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fetí sí ẹkún ìkókó láti mọ̀ bóyá èémí ò tó o nígbà ìbí. Èdè Ìgbò ni orúkọ yẹn, ẹkún ọmọ ló túmọ̀ sí.

Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí nílé agbẹ̀bí, tẹ́nikẹ́ni ò wọ̀n, tíyàá ẹ̀ ò yẹ ṣúgà wò rí, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Bó tiẹ̀ kìlọ̀, ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ ni wọ́n ṣì máa kán sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ ìyẹṣúgà. Bí bébà bá ti tán ńkọ́?

Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá bímọ ló yẹ kó ti mọmú. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n, táwọn kan ń fún dànù pé ó dọ̀tí, òun gan-an loúnjẹ ọmọ. Bó bá kọ ọmú, tó rọ jọwọrọ, ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà. Kí ìyá àgbà bá wọn lọ, kó gbé ọmọ mọ́ àyà nínú mọ́tò kára ẹ̀ má baà tutù.