Kí A Má Fi Í Fún Ẹkùn

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Àgbà tó pa òwe yìí kò ní kí bàbá fara mọ́ gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe. Ẹkùn ló ní kó má fi í fún. Ibẹ̀ ni mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Àgùdà tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀, tó sì ní kòkòrò HIV lára. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà wa kọ lẹ́tà ìyìn sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Àgbà Bíṣọ́ọ̀bù Ignatius Kaigama, tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn ní Róòmù pé àwọn yóò gbèjà irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí tí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló bá Katikísímù mu, nítorí Katikísímù tí kò fọwọ́ sí kí ọkùnrin bá ọkùnrin lò pọ̀ náà ló ní kí a fi ọ̀wọ̀ àti àánú gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn? Àwọn olùwádìí tó ń tọ́jú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Àbújá rí i pé, lẹ́yìn òfin náà, ẹ̀rù àtilọ sí ilé ìwòsàn túbọ̀ ń bà wọ́n. Ẹ̀rù yìí gan-an ni ẹkùn. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń lo oògùn HIV. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ẹni tó ń sá kiri kò ní rí i lò.

Àwọn kan á ní alágàbàgebè ni ọkùnrin yìí, pé bó bá gba Ọlọ́run gbọ́ ni, ì bá ti yí padà. Alágàbàgebè a máa wá èrè. Èrè wo ló wà fún ẹni tó ń gbọ́ èébú ara rẹ̀ láti orí àga ìwàásù, tó sì tún mú rosárì rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e? Wọ́n á tún ní ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀ ni àìsàn náà. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kòkòrò yìí, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá? Jésù fúnra rẹ̀ kọ èrò yẹn nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú.

N kò ní kí Ìjọ so ọkùnrin méjì pọ̀; àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ti sọ ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn kò ní súre fún wọn. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí fadà ka ọ̀rọ̀ Kaigama sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè Pádì, lédè Yorùbá, nígbà Míísà, kó sì fi kún un pé àṣírí ìjẹ́wọ́ wà fún ọkùnrin yìí bó ti wà fún wa. Ìjọ tó kọ́ ilé ìwòsàn sí Ẹlẹ́ta mọ̀ pé aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà kì í wá.