Ìmọ̀ràn fún Agbo Ilé: Ìtì Igi àti Ẹni tí ó Dá Wà

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni a ń rí olùrànlọ́wọ́. Ìtì igi tútù tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí ó sì gùn tó mítà 2 ààbọ̀, lè wọn kílò 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí baálé tí ó dá wà má ṣe fi ẹ̀yìn gbé e.

Kí ó fi òkúta dí táyà tírélà. Kí ó gbé igi gbọọrọ méjì tí ó gùn ní mítà 3 ti etí tírélà tí ó ga ní mítà 1, kí ó sì dè wọ́n mọ́ ọn. Kí ó so okùn méjì mọ́ etí náà, kí ó mú wọn gba abẹ́ ìtì, kí ó dá wọn padà gba orí rẹ̀, kí ó sì dúró ní òdì kejì tírélà láti fà wọ́n pọ̀. Ìtì yóò máa yí gòkè. Ìdagẹ̀rẹ̀ sọ ẹrù di ìdá kan nínú mẹ́ta, okùn sì tún pín èyí sí méjì: kílò 150 di nǹkan bí 25.

Bí ó bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó yí okùn kan náà ká ìdí igi tí ó dúró gbọnin, kí ó máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ ìtì: èyí tí ó bá já kì í gbọ́ igbe. Kí ìyá pe àwọn ọmọ wọlé, kí ẹnì kan sì wà níbi tí yóò ti gbọ́ ohùn òṣìṣẹ́. Ẹnì kan lè dá ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, gbogbo ilé ni yóò rù ú.