Ẹ má fi nọ́ńbà ara páálí ra pawabáǹkì

Ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ní Dantokpa ní Kútọnu, ní ọjà Kétu àti ní ibùdókọ̀ Ṣábẹ̀, kò sí ibi tí ènìyàn yíjú sí báyìí tí kò ní rí pawabáǹkì lórí àtẹ. Ọ̀kan ní 20,000 mAh lára, èkejì ní 50,000, ẹ̀kẹta tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sì ní 100,000. Owó wọn kì í sábà jìnnà síra. Ta ni yóò wá mú 20,000 nígbà tí 100,000 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Ó tó àkókò kí àwa oníbàárà, àwọn òǹtajà àti ìjọba jọ fòpin sí i.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Fóònù ti kúrò ní ohun ìṣeré nílẹ̀ wa. Inú rẹ̀ ni owó MoMo àti Moov Money wà. Ìyá tó ń ta àgbàdo ní Pobẹ̀, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń sanwó fún un. Àwọn zémidjan tó ń gbé èrò ní Àjàṣẹ́, orí fóònù ni èrò ti ń pè wọ́n. Bí fóònù bá kú, owó wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ olówó kò lè tó o. Ní abúlé tí wáyà SBEE kò tíì dé, ìpè kan ṣoṣo ni yóò mú mọ́tò wá gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu tó ń kọ mémoire rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kò lè sọ fún olùkọ́ pé iná ni kò sí. Àwa oníròyìn náà ńkọ́? Bí fóònù bá kú nígbà tí a ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, ìròyìn ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ra pawabáǹkì, ohun tó rà ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí wọ́n bá ta irọ́ fún un, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le jù ni yóò mọ̀.

Kí ni nọ́ńbà yẹn tilẹ̀ ń sọ? Ẹ jẹ́ kí á fi omi ṣe àpẹẹrẹ. mAh dà bí iye abọ́ omi tó wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n kò sọ bí abọ́ náà ṣe tóbi tó. Fọ́ọ̀tì, ìyẹn V, ni ó ń sọ bí abọ́ ṣe tóbi tó. Wh ni ó wá ń sọ gbogbo omi inú ìkòkò pọ̀. 20,000 tí wọ́n kọ sára páálí, abọ́ kékeré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn 3.7 V tó wà nínú bátìrì. Nígbà tí iná bá ń jáde lójú USB, abọ́ tó tóbi jù ú lọ ni, 5 V. Nítorí náà, iye abọ́ yóò dín kù. Díẹ̀ yóò sì tún dànù lójú ọ̀nà, nítorí ohun tó ń yí iná náà padà máa ń gbóná. Ìdí nìyí tí pawabáǹkì 20,000 tó jẹ́ ojúlówó fi máa ń fún wa ní nǹkan bí 12,000 sí 13,000 mAh péré.

Èyí kì í ṣe jìbìtì, bí iṣẹ́ iná ṣe rí nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òótọ́ máa ń kọ iye kejì yìí sẹ́yìn ẹ̀rọ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n ń pè é ní «rated capacity». Ẹ wá a. Ẹ tún wá Wh. Bí ẹ kò bá rí Wh, ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín: ẹ sọ 20,000 di ìlọ́po 3.7, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000, yóò jẹ́ 74 Wh. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ń fẹ́ nǹkan bí 19 Wh kí ó tó kún. Tí a bá yọ èyí tó dànù kúrò, pawabáǹkì 20,000 yóò kún fóònù náà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èyí tó jẹ́ 10,000 yóò kún un lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ti mọ èyí, ẹnu òǹtajà kò lè gbé e lọ mọ́.

Ní ti èyí tí wọ́n kọ 100,000 sí lára, ìwọ̀n ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bátìrì roboto tí wọ́n sábà máa ń tò sínú pawabáǹkì, èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 45 sí 50. Èyí tó dára jù nínú wọn kì í sábà gbà ju 3,500 mAh lọ. Kí ó tó lè pé 20,000, ó gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà. Mẹ́fà nìkan ti ń lọ sí gíráàmù 300, a kò tíì ka páálí àti ike ara rẹ̀. Kí ó tó lè pé 100,000, bátìrì 29 ni. Ìyẹn ju kílò kan lọ dáadáa. Ǹjẹ́ èyí tí wọ́n nà sí yín lọ́jà wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ta ẹja tàbí tòmátò. Bí 20,000 bá fúyẹ́ bí fóònù lásán, ẹ dá a padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwúwo nìkan tàn yín jẹ, nítorí àwọn tó ti tú ayédèrú wò ti bá iyanrìn nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ń fi ẹni tó purọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ẹni tó ṣòótọ́ hàn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí. Bí ìyá kan bá tẹ ìdí abọ́ gàrí rẹ̀ sókè kí gàrí lè kéré nínú rẹ̀, gbogbo ọjà ni yóò hó lé e lórí. Àwọn ìyálọ́jà yóò pè é, wọ́n á bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ 100,000 sára ohun tí kò tó 10,000, a ń kí i kú ọjà. Abọ́ tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ sókè náà kọ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò tún fi irọ́ yìí hàn kedere. Òfin ọkọ̀ òfuurufú káàkiri ayé ni pé pawabáǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ ni a fi ń mú un wọlé. Èyí tí kò ju 100 Wh lọ kò sábà ní wàhálà. Láti 100 sí 160 Wh, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ju 160 lọ, kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ wá ṣe ìṣirò 100,000 mAh: 370 Wh ni. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu tàbí Lomé. Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, wọ́n ti jí owó yín lọ́jà. Ọ̀nà méjèèjì, ẹ̀yin lẹ pàdánù. Kí àwọn tó ń múra àti lọ sí Mẹ́kà, sí Faransé tàbí sí ibòmíràn fi èyí sọ́kàn.

Òfin náà sì ń le sí i, kì í ṣe lásán. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ òfuurufú Air Busan kan gbiná ní pápákọ̀ Gimhae ní Gúúsù Kòríà kí ó tó gbéra. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rí gbé jáde. Àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú pawabáǹkì ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Emirates kò fàyè gba lílo pawabáǹkì nínú ọkọ̀ wọn mọ́: ẹyọ kan tí kò tó 100 Wh ni èrò lè mú dání, kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣájì ohunkóhun. Àní ilé iṣẹ́ tó lórúkọ náà kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Anker pe pawabáǹkì tó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà padà nítorí ewu iná. Bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bá lè ṣe àṣìṣe, kí ni a ó wá sọ nípa èyí tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára?

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ooru ni ọ̀tá bátìrì yìí. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà lóòrùn, ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí sùn nígbà tó bá ń gba iná. Bí ó bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un, ẹ má jù ú sínú iná tí a fi ń jó pàǹtí.

Ẹni tó fẹ́ fi pawabáǹkì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká gbọ́dọ̀ wo ohun mìíràn: W, ìyẹn agbára tó fi ń tú iná jáde. Fóònù lè gba wáàtì 10. Kọ̀ǹpútà ń fẹ́ 45 sí 65. Ẹ wo ara ṣájà kọ̀ǹpútà yín. Bí wọ́n bá kọ 20 V àti 3.25 A, ẹ sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì, 65 W ni. Pawabáǹkì yín gbọ́dọ̀ ní ojú USB-C tí wọ́n kọ «PD» sí, kí agbára rẹ̀ sì súnmọ́ iye yẹn. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọlé ni ó ní ihò ṣájà roboto, wọn kò sì ń gba iná lójú USB. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí kí ó tó náwó.

Ohun kan tún wà tí àwa tí iná máa ń lọ mọ́ lójú gbọ́dọ̀ wò ju àwọn ará Yúróòpù lọ: báwo ni pawabáǹkì fúnra rẹ̀ ṣe ń yára gba iná tó? Wọ́n ń kọ ọ́ sí «input». 74 Wh pẹ̀lú ṣájà wáàtì 10 yóò gbà ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Pẹ̀lú wáàtì 18, nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Bí iná bá wà fún wákàtí mẹ́ta lóòjọ́, kí ni ìkòkò ńlá tí ọ̀fun rẹ̀ tín-ín-rín yóò ṣe fún wa? Ní ti èyí tí wọ́n lẹ sólà mọ́ lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kó dá yín lára. Sólà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kò lè mú ju wáàtì kan tàbí méjì wá. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́wàá oòrùn gan-an-ran kí 74 Wh tó kún, ooru yóò sì ti máa ba bátìrì jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sólà, kí ó ra páńẹ́ẹ̀lì tó dá dúró, kí ó sì fi pawabáǹkì sí ibòji.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ojúlówó wọ́n, ayédèrú ni apá mẹ̀kúnnù ká. Mi ò sọ pé owó pọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n 10,000 tó jẹ́ òótọ́ sàn ju 50,000 irọ́ lọ. Ẹni tó ra ayédèrú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ti san owó ojúlówó, kò sì ní i lọ́wọ́. Àwọn tó ń dá èésú lọ́jà lè fi èésú kan ra èyí tó dára, kí wọ́n jọ máa lò ó.

Mi ò dá gbogbo ẹ̀bi lé òǹtajà lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ ju ohun tí páálí sọ lọ, àwọn náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ọjà rẹ̀ lójú, kí ó gbà kí oníbàárà gbé e sórí ìwọ̀n, kí ó sì gbà á padà bí kò bá pé. Ní ti ìjọba, iṣẹ́ ANM, àjọ tó ń rí sí ìwọ̀n àti ìdáràsí ọjà, kò gbọ́dọ̀ mọ sórí ìwọ̀n ẹran àti ti epo bẹntiróòlù. Kí wọ́n máa mú díẹ̀ nínú ẹrù pawabáǹkì ní èbúté Kútọnu àti ní ẹnu ibodè wò. Èyí tí kò ní Wh tí ojú lè kà lára, kí wọ́n má jẹ́ kó wọlé. Ohun kan náà ni a ń fẹ́ ní Tógò, nítorí ọjà tí wọ́n lé ní Kútọnu yóò gba Lomé wọlé.

Kí ìjọba tó dìde, ọwọ́ wa ló kù sí. Wh, «rated capacity», «input», ìwọ̀n: ohun mẹ́rin yìí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ níwájú àtẹ. Àwọn àgbà wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí òtítọ́ bá irọ́ pawabáǹkì lọ́jà, kí ó má jẹ́ lóru ọjọ́ tí a nílò ìpè kan ṣoṣo.