Ọ̀RỌ̀ ABẸ́RẸ́ Ẹ̀YÌN ỌJÀ: ÒFIN TÍ Ẹ FẸ́ ṢE YÌÍ KÒ DÁA

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin alága ẹlẹ́ja, aláta, aláṣọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, láti Ṣábọ̀ ní Ìkòròdú dé Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́,

Àbá tí wọ́n dá ní ìpàdé tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ pàṣẹ fún gbogbo kẹ́mísìtì inú ọjà pé wọn ò gbọdọ̀ ta abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń gún hẹroín sára lẹ́yìn ọjà. Ẹni tó bá tà á, ká ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa. Ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìdí ẹ̀ kí ẹ tó nawọ́.

Ṣé ẹ rò pé ọmọ tí oògùn ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ á sọ pé kò sí abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ n máa lọ sílé? Kò jọ ọ́! Ẹyọ kan tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n á máa gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú abẹ́rẹ́ tí èèyàn ti lò, ojú lè má rí i. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kòkòrò HIV ń gbà kọjá, òun àti àrùn mẹ́dọ̀wú tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B àti C, tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ èèyàn díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Abẹ́rẹ́ ìdọ̀tí tún máa ń fa eéwo tó ń jẹra.

Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UN gbé jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin èèyàn (80,000) ló ń gún oògùn olóró sára ní Nàìjíríà. Kì í ṣe hẹroín nìkan, tramadol àti irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wò ní 2020, nǹkan bí 11 nínú 100 ló ní HIV. Láàárín àgbàlagbà orílẹ̀-èdè yìí lápapọ̀, kò tó 2 nínú 100.

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, òyìnbó ti ṣe é rí. Lẹ́yìn 1980, ní Edinburgh nílẹ̀ Scotland, ọlọ́pàá ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, kẹ́mísìtì ò sì tà á fún wọn mọ́. Àwọn dókítà àdúgbò kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gún hẹroín wò, wọ́n sì kọ èsì ẹ̀ jáde ní 1986: ìdajì ló ti ní HIV, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ní Glasgow tó wà nítòsí wọn, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Edinburgh yẹn kan náà ló padà ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ tuntun. Níbí náà, ní 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ẹ̀ ní Abia, Gombe àti Ọ̀yọ́.

Ẹnì kan ní kí ló kàn wá, kí wọ́n kú. Ẹ gbọ́ o, àwọn ọmọ yẹn ló ń ru ẹrù yín. Wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọ̀rẹ́bìnrin. Ẹlòmíì, ìsọ̀ ìyá ẹ̀ wà nínú ọjà yìí, mi ò ní dárúkọ. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa láàárọ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń fọwọ́ lásán kó ìdọ̀tí?

Wọ́n á ní akọ̀wé ń gbè sẹ́yìn oògùn. Mo kórìíra ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun kò sọ hẹroín di àgbo. Ẹni tó ń tà á, kí NDLEA gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń da omi gbígbóná lé ọmọ lórí, inú gọ́tà lẹ ń lé e lọ, ibẹ̀ ló máa dá kú sí. Hẹroín tó bá pọ̀ jù máa ń dá èémí dúró, ètè á dúdú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé tó gún ìwọ̀n tó ń gún tẹ́lẹ̀, òun ló tètè ń kú, torí ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ẹ yéé da epo pupa àti mílíìkì sí wọn lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ! Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá mọ́tò. Oògùn tó ń jẹ́ naloxone lè jí i bí wọ́n bá tètè fún un. Mo sin ọ̀kan lọ sí ilé ìwòsàn kan rí, wọ́n ní kó jókòó síta torí òórùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò padà lọ mọ́.

Àbá tèmi nìyí. Kẹ́mísìtì kó máa ta abẹ́rẹ́ tuntun. Ká gbé kẹ́ẹ̀gì onídèérí sẹ́yìn ọjà fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, ká ra ẹ̀mú àti bàtà òjò fún àwọn agbálẹ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kó má fẹnu fà á, kó lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà. Oògùn tó ń dènà HIV wà, ṣùgbọ́n tó bá ti ju wákàtí 72 lọ, ó ti pẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ jáwọ́, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ń tọ́jú wọn.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó nawọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti ṣófo, tí ìdérí ẹ̀ ṣì wà, kó gbé méjì wá.