Ejò Kì Í Ṣe S Fún Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Lórí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé àti bírò ní ọjà Ṣàgámù, káàdì A-B-C fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kì í wọ́n. Inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń dì í sí, àwòrán ara rẹ̀ á sì máa dán mèremère. Kò ní ṣàì sí ejò kan níbẹ̀ tó lọ́ ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tó fi di S, orí rẹ̀ lókè, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ìrù rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó yà á mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ìyá àgbà rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé kó má fẹsẹ̀ lásán wọ inú koríko, mọ orúkọ ẹranko yẹn dáadáa. Ejò ni. Ohùn tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni E, tísà á sì ní, "Rárá o! S-s-s."

Ọmọ ò jẹ̀bi. Ọgbọ́n tó wà nídìí lẹ́tà ẹlẹ́ranko ni pé ìrísí ẹranko náà gbọ́dọ̀ jọ lẹ́tà, orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi ohùn lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀. Bí ojú bá ti rí i, ẹnu á mọ ohun tó yẹ kó sọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, àwòrán lásán ló kù. Ní 1984, Linnea Ehri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà. Àwọn tí wọ́n fi àwòrán tó wọnú ìrísí lẹ́tà kọ́ tètè mọ ohùn lẹ́tà ju àwọn tí wọ́n kàn gbé àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà fún lọ. Ní 2010, Ehri pẹ̀lú Adina Shmidman tún lo lẹ́tà Hébérù fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Hébérù rárá. Ibi kan náà ni àyẹ̀wò já sí. Kì í ṣe eré ọmọdé lásán, nígbà náà.

Àrà yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ, àwọn mọ́ńkì ní ilẹ̀ tó di Faransé lónìí ń fi ẹja àti ẹyẹ ya lẹ́tà sínú ìwé àdúrà wọn. Ní 1658, Comenius, olùkọ́ ará Moravia, tẹ ìwé alárànbarà kan fún àwọn ọmọdé ní ìlú Nuremberg ní Jámánì. Ẹranko ló fi ń pe ọ̀pọ̀ lẹ́tà ibẹ̀: igbe ọmọ àgùntàn ni B, igbe òròmọdìyẹ ni P, kíkùn ajá tó ń bínú ni R. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe orúkọ ẹranko ló gbájú mọ́. Ohun tí ẹranko ń ṣe ló tẹ́tí sí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa wúlò fún wa láìpẹ́.

Ní Bìrìtìkó, Lyn Wendon dá Letterland, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀ ní 1968, ológbò tó di C àti pẹ́pẹ́yẹ tó di D sì wà nínú àwọn ará ìlú inú rẹ̀. Jolly Phonics tẹ̀ lé e ní 1992, òun ló sì ráyè jù ní Nàìjíríà, nílé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. S ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ń kọ́ ọmọ. Ọmọ á máa fi ọwọ́ rìn bí ejò nínú afẹ́fẹ́, á sì máa pariwo s-s-s. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní àárọ̀ á gbọ́ ariwo náà láti títì. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí i, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ wọn sì ń wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ń dunni ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá kan A-B-D. Púpọ̀ nínú pátákó A-B-D tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì kò ju pé kí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n sì gbé ajá tàbí bàtà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A dúró lọ́tọ̀, ajá dúró lọ́tọ̀, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Irú àwòrán ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tó fìdí rẹmi lọ́wọ́ Ehri ní 1984 gan-an nìyẹn. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ní ojú, ó ní ìrù, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà Yorùbá dúró gbagidi bí òpó iná. Gẹ̀ẹ́sì gba eré, Yorùbá gba pàṣán. Lẹ́yìn náà làwọn òbí á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọmọ kò fẹ́ràn iṣẹ́ Yorùbá.

A kò sì lè kàn yí àwòrán òyìnbó padà kí á fi orúkọ Yorùbá sí i. Ẹni tó bá jókòó láti ya A-B-D ẹlẹ́ranko á rí ìdí rẹ̀ kó tó débi kankan. Ọ̀rọ̀-orúkọ wa fẹ́ràn fáwẹ̀lì níwájú. Ajá, adìyẹ, àgùntàn, àṣá, akàn àti alángbá ń du A nìkan. Ẹja, ẹyẹ, ẹkùn, ẹṣin, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹtu ń ti ara wọn lórí Ẹ. Ọ̀bọ, ọ̀ni, ọ̀yà, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀pọ̀lọ́ ń bá ara wọn jà sí Ọ. Lọ́dọ̀ àwọn kọ́ńsónáǹtì ńkọ́? K ṣì lówó lọ́wọ́: kìnnìún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kọ̀ǹkọ̀. L ní lékeléke àti labalábá. Gúnnugún wà fún G, jàkùmọ̀ fún J, màlúù fún M, pẹ́pẹ́yẹ fún P, tòlótòló fún T, yànmùyánmú fún Y. R á gba ràkúnmí, tó bá àwọn oníṣòwò Hausa wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilẹ̀ ṣá. Ẹ bi ọmọ Rẹ́mọ kí ó dárúkọ ẹranko tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D, F, H tàbí GB. Ẹ bi bàbá rẹ̀ náà.

Ràkúnmí alára tún ní wàhálà tirẹ̀. Ayàwòrán tó bá fún un ní iké méjì á fẹ́ fi ya M, torí pé iké náà jọ ọ́. Ọmọ á wá rí M, á sì sọ R. Ọ̀rọ̀ ejò àti S ló tún padà wá yẹn, àwa fúnra wa la sì fọwọ́ ara wa ṣe é.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú èdè náà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti fẹ́ràn fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì ni ọ̀rọ̀-ìṣe fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, níbi tí orúkọ ẹranko bá ti tán, kí á lo ìṣe rẹ̀, bí Comenius ti ṣe. Kìnnìún ń bú: B nìyẹn. Ẹyẹ ń fò: F. Ẹlẹ́dẹ̀ ń han: H. Ológbò ń nara lẹ́yìn tó jí: N. Ológbò kan náà ń ṣọdẹ èkúté: Ṣ. Ọ̀bọ ń dìrọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi: D. Ejò ń wọ́ lọ nínú iyẹ̀pẹ̀: W. Ajá ń gbó: GB. Ọmọ tó bá kọ́ A-B-D báyìí á ti kọ́ gbólóhùn pẹ̀lú rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ìwé lòún ń kà, èyí tí káàdì S-Snake kò lè ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo díẹ̀ ní ìsúnmọ́. Ejò tó ká jọ, tí orí rẹ̀ sinmi sí àárín, tí ara rẹ̀ yí ká, tí ìrù rẹ̀ kò pa dé, e kékeré ni pọ́nbélé. Ó tilẹ̀ bá a mu ju bí ó ti bá S mu lọ. Fún ẹ, kí ẹyẹ ká ara rẹ̀ bákan náà, kí ó sì yé ẹyin kan sísàlẹ̀. Ẹyin yẹn ni àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọmọ tó bá gbàgbé rẹ̀ ti gba ẹyin lábẹ́ ẹyẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ pariwo. Lékeléke tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan nínú pápá ti di l láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yà á. Gúnnugún tó tẹ ọrùn kodoro lórí ẹran kò jìnnà sí g. Èyí tó gba làákàyè jù ni GB, torí lẹ́tà méjì ló ń ṣojú fún ohùn kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń pè é ní g, kí wọ́n tó tún pe b. Ajá kan ló yẹ kó gbé méjèèjì: orí àti ẹnu tó là sílẹ̀ fún g, àyà àti ẹ̀yìn fún b, ara kan, gbígbó kan. Bí wọ́n bá fi ẹranko méjì yà á, ó ti bà jẹ́.

Àwọn àmì ìsàlẹ̀ wọ̀nyí kò sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843, àwọn míṣọ́nnárì sì ṣe àríyànjiyàn lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà títí di ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875. Ohun tí àwọn àgbà fi ọdún pípẹ́ jà lé lórí, àwọn tó ń kọ pátákó ojú títì lónìí ń gbàgbé rẹ̀, fóònù náà ń jẹ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀. Kíkùn nìkan kò ràn án. Bí àmì náà bá jẹ́ ẹyin, tàbí òkúta tí ọ̀pọ̀lọ́ jókòó lé, ó ti di ohun tí ọmọdé ń ṣọ́.

U ló kù. Nínú Yorùbá tí a ń kọ, kò sí orúkọ tó fi U bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe tó fi í bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Èkìtì á pe ilé ní ulé láìwẹ̀yìn. Ẹlúlùú ló lè gba U là. Igbe ẹyẹ tí wọ́n ní ó ń pe òjò yẹn kún fún u, ẹnu rẹ̀ sì lè là sókè bí lẹ́tà náà. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn yìí o. Ayàwòrán tó bá ní èyí tó sàn jù, kí ó mú un wá.

Àwọn kan á ní àkókò kọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ìpinnu tí kò dára ni. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, kí á gbà pé ohun kan tó mú kí òfin 2022 rọrùn láti pa ni pé ohun èlò tí tísà máa gbé dání kò tó nǹkan. Àwọn ará Ifẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó kọ ìwé tí wọ́n máa lò. Fífagi lé òfin kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ya A-B-D.

Kò sí ibi tó yẹ kí èyí ti bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ìjọba rẹ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, tí iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi kúrò ní nǹkan bí 456,000 tó sì ju 800,000 lọ láàárín ọdún kan. Ní oṣù kìíní 1956 ni Tai Solarin àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ro oko tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti bọ́ ehoro rí mọ ìrísí ehoro. Ṣàgámù ní àwọn ìtẹ̀wé tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ayàwòrán wà. Tísà wà.

Owó tí yóò ná kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n ń fi ṣe ayẹyẹ ìgboyè àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí ọmọ ọdún márùn-ún á wọ aṣọ ìgboyè bíi ti ọmọ yunifásítì. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìwé aládàáni àti àjọ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn gbé iṣẹ́ náà fún ayàwòrán méjì sí mẹ́ta, kí onímọ̀ Yorùbá kan sì jókòó tì wọ́n. Àwọn ọmọ ni kó ṣe ìdánwò rẹ̀: kí wọ́n gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ sí Ìpẹru, Ìlíṣàn, Ìṣarà àti Òde-Rẹ́mọ, kí wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin pé kí ni wọ́n rí. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá wo jàkùmọ̀ tí wọ́n sì pè é ní ológbò, kí wọ́n ya J náà dànù, kí wọ́n tún òmíràn yà, ó sì lè jẹ́ ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé ni yóò gba ipò rẹ̀.