Àlejò Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìsìn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dé Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, èyí tí S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tónófò lọ́dún 1947. Ìta ni yóò bọ́ bàtà sí. Lọ́tọ̀ ni ọkùnrin ń jókòó, lọ́tọ̀ ni obìnrin. Obìnrin a sì borí. Aṣọ pupa àti dúdú jẹ́ èèwọ̀. Yóò rí àbẹ́là, yóò gbóòórùn tùràrí. Bí kò bá tilẹ̀ ní sùtánà funfun, kò ṣẹ̀.

Èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ti àwọn tí ń jágbe mọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé kò borí. Àṣà Yorùbá kọ̀ ọ́: omi ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò kí a tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kí ìborí wà nílẹ̀ dè é. Kí ọmọ ìjọ kan fi ohùn jẹ́jẹ́ tọ́ ọ sọ́nà. Kí àlejò náà sì béèrè kí ó tó wọlé. A kì í dá ẹni tí a kò sọ èèwọ̀ fún lẹ́bi. Ẹni tí a dójú tì lẹ́nu ọ̀nà kì í dúró gbọ́ ìwàásù.